Ọmọ Ta Ni Ó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Yìí?

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù rárá kí ó má ṣe ṣí ojú-ewé yìí kọjá, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí, ẹnu ọ̀nà ilé olúkúlùkù wa ni.

Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, Super Eagles, pàdé ẹgbẹ́ Kóńgò ti Kinshasa ní ìlú Rabat, ní ilẹ̀ Mòrókò. Ẹni tó bá borí níbẹ̀ ni ọ̀nà Ife Àgbáyé 2026 ṣì ṣí sílẹ̀ fún. Frank Onyeka ti jẹ góòlù fún wa kí ìṣẹ́jú 5 tó pé, ṣùgbọ́n Meschack Elia dá a padà kí wọ́n tó lọ sinmi. Nígbà tí eré parí sí góòlù 1 sí 1, pẹ́náritì ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Kóńgò gbá 4 wọlé, àwa gbá 3. Bí a kò ṣe rí ti ọdún 2022 lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọdún 2026 bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 kan náà, àjọ tí ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa, ìyẹn NFF, gbé ẹjọ́ lọ bá FIFA. Ohun tí wọ́n wí ni pé àwọn kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Kóńgò ní pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Yúróòpù lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ilẹ̀ Kóńgò fúnra rẹ̀ kò gbà kí ènìyàn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì pọ̀. Nítorí náà, wọ́n ní FIFA ni wọ́n tàn jẹ.

Ìgbà tí ìròyìn yìí dé Ìwáyà, ariyanjiyan bẹ́ sílẹ̀. Ní ibi tí a ti ń ra ìwé ìròyìn, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ní ìdí àtẹ ẹja yíyan, ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Bàbá kan tí ń ta irin ìkọ́lé sọ fún mi pé, "Tíṣà, ẹ wò ó, àwọn ọmọ Òyìnbó ni Kóńgò kó wá fi nà wá." Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé àwọn tiwa náà kì í ṣe ọmọ Ìlú Ọba ni? Níbo ni wọ́n ti bí Lookman?" Ni àwọn méjèèjì bá kọjú sí mi pé kí n dá sí i. Iṣẹ́ tíṣà kì í tán. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ìkòkò mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí gbé kaná. Èkíní ni òfin ilẹ̀ Kóńgò. Ìwé òfin wọn ti ọdún 2006, ní abala 10, sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni jíjẹ́ ọmọ Kóńgò, ènìyàn kò sì gbọdọ̀ dì í mú pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ mìíràn. Èkejì ni òfin tiwa. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 25, sọ pé ẹni tí a bí sí ilẹ̀ yìí lẹ́yìn òmìnira, tí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ tàbí nínú àwọn òbí òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Ẹni tí a bí sí òkè òkun náà, bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ wa ni. Ẹ kíyè sí i: òfin kò ní kí ó jẹ́ bàbá nìkan. Abala 28 sì jẹ́ kí ẹni tí ó jẹ́ ọmọ wa láti inú ìbí lè gba ìwé ilẹ̀ mìíràn láìsọ tiwa nù.

Ìkòkò kẹta ni ti FIFA. Àwọn kò bèèrè orin tí o mọ̀ tàbí oúnjẹ tí o ń jẹ. Pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Bí ẹnì kan bá wá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ọmọ ìlú ilẹ̀ kan, wọn a wá bèèrè ìdí tó so ó mọ́ ibẹ̀: ṣé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, tàbí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀? Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn, ó gbọ́dọ̀ ti gbé níbẹ̀ fún ọdún tí òfin là sílẹ̀. Fún ẹni tó ti pé ọdún 18 kó tó dé ibẹ̀, ọdún 5 ni. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.

Kí ni FIFA rí tí wọ́n fi ṣe òfin líle báyìí? Láyé àtijọ́, agbábọ́ọ̀lù a máa ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni pààrọ̀ ẹ̀wù. Puskás tó jẹ́ ògo ilẹ̀ Họ́ńgárì gbá bọ́ọ̀lù fún Sípéènì ní Ife Àgbáyé ọdún 1962. Di Stéfano tí wọ́n bí sí Ajẹntínà gbá fún ilẹ̀ rẹ̀, ó sì tún gbá fún Sípéènì. Ti Eusébio tún yàtọ̀. Mòsáḿbíìkì ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n àwọn Potogí ló ń ṣe ìjọba lé wọn lórí nígbà náà, nítorí náà aṣọ Pọ́túgà ló wọ̀ ní Ìlú Ọba lọ́dún 1966, tó sì jẹ góòlù 9 nínú ìdíje kan ṣoṣo. Áfíríkà bí ọmọ, Pọ́túgà gba ìyìn.

Lónìí, ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ kan ṣì lè yí padà sí òmíràn, bí ó bá ti ní ẹ̀tọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2020, FIFA tún dẹ okùn náà díẹ̀ sí i. Ẹni tí kò bá tíì gbá ju ìdíje 3 lọ fún àwọn àgbà, tí kò tíì pé ọdún 21 nígbà tó gbá èyí tó kẹ́yìn, tí ọdún 3 sì ti kọjá, lè yí padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti lè wọ pápá ní Ife Àgbáyé tàbí ní ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ ńlá tirẹ̀, bí irú ti Áfíríkà tàbí ti Yúróòpù, ó tán. Okùn ti so.

Òfin yìí ló jẹ́ kí a rí Ademola Lookman gbà. Wandsworth, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1997. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọjọ́ orí wọn kò ju 20 lọ, àwọn tó gba Ife Àgbáyé lọ́dún 2017 ní Kòríà ti Gúúsù. Lọ́dún 2022 ó yí padà wá sọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, ní Dublin, ó jẹ góòlù 3 fún Atalanta nínú àṣekágbá kan, wọ́n sì na Bayer Leverkusen 3 sí òdo. Nígbà tí ọdún náà yóò fi parí, òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní gbogbo Áfíríkà.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Nínú ẹgbẹ́ ọdún 2017 yẹn, Lookman nìkan kọ́ ni ọmọ wa. Dominic Solanke wà níbẹ̀, òun ni wọ́n sì yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje náà. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Fikayo Tomori wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìlú Calgary, ní ilẹ̀ Kánádà, ni wọ́n ti bí òun, ọmọ Nàìjíríà sì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ì bá pè é ní tiwọn. Òun àti Solanke dúró sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lookman wá sọ́dọ̀ wa. Aṣọ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀, ife kan náà ni wọ́n jọ gbé, ọ̀nà wọn sì pínyà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí inú ti ń bí àwọn ènìyàn wa. Wọn a ní, "Saka ńkọ́? Bukayo ni wọ́n sọ ọ́, ó wá lọ ń gbá bọ́ọ̀lù fún Òyìnbó!" Wọn a ní, "Alaba ńkọ́? Ọmọ Ògèrè Rẹ́mọ ni bàbá rẹ̀, ó lọ ń gbá fún Ọ́stríà!" Wọn a ní Musiala tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà yan Jámánì, wọn a ní Akanji wà ní Switzerland. Wọn a wá pa á pọ̀ pé àwọn ọmọ náà ti gbàgbé orísun.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò bá wọn wí bẹ́ẹ̀. Ealing, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n bí Saka sí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìrìn, ibẹ̀ ló ti lọ ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù láti kékeré. Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fún un, ó ń jẹ́ ẹ kiri ayé, kò pa á dà sí John. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 2021, ní Wembley, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 20, ó gbá pẹ́náritì tó kẹ́yìn fún Gẹ̀ẹ́sì, aṣọ́lé Ítálì sì mú un. Àwọn kan nínú àwọn tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í bú u nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ọmọ náà kò fi aṣọ náà sílẹ̀. Ó tún padà wá gbá pẹ́náritì lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí ó bá ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀, ṣé a ó máa pè é ní ọ̀dàlẹ̀ ni?

Bàbá kan náà lè bí ọmọ méjì kí ọ̀nà wọn yàtọ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 2010, ní Gúúsù Áfíríkà, Jérôme Boateng gbá bọ́ọ̀lù fún Jámánì, Kevin-Prince Boateng tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà sì wọ aṣọ Gánà kò ó lójú. Kò tíì sí irú rẹ̀ rí ní Ife Àgbáyé. Bàbá wọn kò sọ pé ọ̀kan jẹ́ ọmọ òun, kí èkejì má jẹ́.

Ní tiwa níhìn-ín, ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ tí a bí sí òkè òkun ti ń wá ràn wá lọ́wọ́. Reuben Agboola tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù wá gbá fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Efan Ekoku tí wọ́n bí sí Manchester wà nínú àwọn tó lọ Ife Àgbáyé wa àkọ́kọ́ lọ́dún 1994. Peter Odemwingie, Tashkent ni wọ́n bí i sí, ọmọ Rọ́ṣíà ni ìyá rẹ̀. William Troost-Ekong tó ṣe ọ̀gá fún Super Eagles, ilẹ̀ Họ́láńdì ni wọ́n bí i sí. Calvin Bassey, Ítálì ni wọ́n bí òun sí. Bí a bá ní kí gbogbo ẹni tí a kò bí sí ilẹ̀ yìí bọ́ síta, ẹgbẹ́ wa yóò fẹ́ẹ̀ dá páropáro.

Ẹ tún wo àwọn obìnrin wa, Super Falcons. Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 2025, ní ìlú Rabat yẹn kan náà tí àwọn ọkùnrin ti lọ pàdánù ní oṣù Kọkànlá, àwọn obìnrin na Mòrókò 3 sí 2, wọ́n sì gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀kẹwàá. Rasheedat Ajibade, ọmọ Èkó níhìn-ín, ló ṣe ọ̀gá wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wà ní ẹgbẹ́ náà ni Ashleigh Plumptre, tí wọ́n bí sí Leicester ní Ìlú Ọba. Bí ẹ bá rí i lójú títì, ẹ ó pè é ní Òyìnbó. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, nítorí èyí ló sì ṣe wá. Lọ́dún 2023, nígbà tí a pàdé Gẹ̀ẹ́sì ní Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ní Ọsirélíà, Plumptre yìí gbá bọ́ọ̀lù kan tó kọlu igi orí ilé Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí ló gbá a sí, tọkàntọkàn. Ẹ̀jẹ̀ bàbá àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀.

Èwo ni kí a wá ṣe? Èmi rò pé ìbéèrè tí a ń bèèrè ni kò tọ́. A ń bèèrè pé, "Kí ni ọmọ yìí jẹ ìlú rẹ̀?" A kì í bèèrè pé, "Kí ni ìlú jẹ ọmọ náà?" Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ máa wá kí òun, kí ó tọ́jú ilé.

Ẹ gbọ́ ìtàn Annette Echikunwoke. Ohio ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó ń ju òòlù, ìyẹn irin rìbìtì tí a fi wáyà so, tí wọ́n ń jù jìnnà nínú eré ìdárayá. Nàìjíríà ló yàn, àwa ló sì fẹ́ ṣojú fún ní ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo lọ́dún 2021. Òfin ni pé kí wọ́n ti yẹ ara àwọn eléré ilẹ̀ bíi tiwa wò lójijì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó tó di ọjọ́ ìdíje, láti mọ̀ pé wọn kò lo oògùn olóró. Iṣẹ́ àwọn aláṣẹ eré nílé ni láti rí i pé wọ́n ṣe é. Wọn kò ṣe é tó. Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn eléré wa 10 ni wọ́n dá dúró ní Tokyo pé wọn kò gbọdọ̀ díje. Annette wà lára wọn. Kò lo oògùn, kò sá fún àyẹ̀wò. Ìwé tí àgbà kò tọ́jú ló pa á lẹ́kún. Ó padà sí ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Lọ́dún 2024, ní Paris, ó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà, àsíá Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ta sókè fún un. Ǹjẹ́ ta ló ta ta nù nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ti owó ńkọ́? Lọ́dún 2014, ní Brazil, àwọn Super Eagles kọ̀ láti lọ sí pápá ìdánrawò nítorí owó àjẹmọ́nú wọn. Lọ́dún 2016, àwọn Super Falcons gba ife Áfíríkà tán, wọ́n sì ní láti jókòó sí Àbújá, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn ṣe ìwọ́de kí wọ́n tó rí owó wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdíje Kóńgò yẹn gan-an, àwọn ọkùnrin tún kọ̀ láti ṣe ìdánrawò ní Mòrókò nítorí owó tí a jẹ wọ́n. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ̀ ọ́n dáadáa: oníbàárà tí a bá jẹ ní gbèsè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í yà ní ṣọ́ọ̀bù wa mọ́. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń ka gbogbo èyí nínú ìwé ìròyìn kó tó mú bébà láti fọwọ́ sí.

Mòrókò ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn. Wọ́n wá àwọn ọmọ wọn kiri Sípéènì, Faransé, Họ́láńdì àti Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, wọ́n kọ́ ibi ìdánrawò tó yẹ ọmọlúàbí. Ní Ife Àgbáyé ọdún 2022, nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù 26 tí wọ́n kó lọ, 14 ni a bí sí òkè òkun. Àwọn ló kọ́kọ́ gbé Áfíríkà dé ìpele àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn.

Èyí tó kàn wá jù lọ ni mo fi sẹ́yìn. Ìlà tí Òyìnbó fà sáàárín Nàìjíríà àti ilẹ̀ Benin tí àwọn àgbà wa ń pè ní Dàhòmì, kò gba ti ẹ̀jẹ̀ rò. Emmanuel Adebayor, ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, Lomé ni wọ́n bí i sí. Tógò ló gbá fún ní Ife Àgbáyé ọdún 2006, Tógò náà ló sì gbé ga nígbà tó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún 2008. Razak Omotoyossi, Èkó níhìn-ín ni wọ́n bí i sí, Benin ló gbá fún. Tosin Aiyegun náà, Èkó ni wọ́n bí i sí, Benin ló ń jẹ góòlù fún. A fún Tógò ní ọmọ, a fún Benin ní ọmọ, kò sì sí ẹni tó pariwo bí a ti ń pariwo ti Saka.

Ní etí ọ̀sà níhìn-ín, láti Ìwáyà dé Mákòkó, àwọn Ègùn àti àwọn Ìlàjẹ ti ń gbé pẹ̀lú wa láti ìran dé ìran. Àwọn ìyá tí ń yan ẹja tí gbogbo Yàbá ń jẹ, àwọn ni. Mo kọ́ ọmọ kan ní kíláàsì, ọmọ ọdún 15, ẹsẹ̀ rẹ̀ dùn mọ́ bọ́ọ̀lù bí ọwọ́ onílù mọ́ gángan. Ìwáyà ni wọ́n bí i sí. Àgbádárìgì ni ìyá rẹ̀ ti wá, òdìkejì ẹnubodè ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ó ń sọ Ègùn, ó ń sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì kọsẹ̀. Mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù. Ó gbá bọ́ọ̀lù títí àwọn ènìyàn fi dìde dúró. Nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ, ọkùnrin tó mú gègé lọ́wọ́ gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ, Kùtọnù ni tìrẹ. Lọ gbá fún wọn lọ́hùn-ún."

Mo rọra sún mọ́ ọn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìyá ọmọ yìí ọmọ Àgbádárìgì ni, ibí ni wọ́n sì bí i sí." Ó dá mi lóhùn pé, "Tíṣà, ẹ mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ rẹ̀ wá." A lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé náà. Wọ́n ní kí ó lọ gbà á níbi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èmi àti ìyá rẹ̀ fi lọ, tí a fi bọ̀, tí a ń pàdánù owó ọkọ̀. Ìgbà tí a ó fi rí ẹni tó gbọ́ tiwa, wọ́n ti ti ìwé orúkọ pa.

Ẹ padà lọ ka òfin tí mo kọ sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. A bí i sí ilẹ̀ yìí. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí. Ọmọ Nàìjíríà ni, kò ku ìyókù. FIFA tó wà ní Zurich, tí kò mọ Ìwáyà, yóò gbà á wọlé nítorí ìyá rẹ̀. Àwa tí a jọ ń mu omi kànga kan náà ni a lé e. A ń sá kiri Lọ́ńdọ̀nù láti wá ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ wa, a sì ń ti ẹni tí ìyá rẹ̀ gangan ń ta ẹja fún wa síta. Bí Benin bá wá pe ọmọ náà lọ́la, tó wọ aṣọ wọn, tó sì jẹ góòlù sí ilé wa, àwọn kan náà ni yóò dìde pé, "Ọmọ Ìwáyà ni, ó ti dà wá!"

Ìdí nìyí tí n kò fi lè bá àwọn tí ń fi ọmọ Kóńgò ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ́rìn-ín. Bí òfin Kóńgò bá ṣẹ̀, kí adájọ́ sọ ọ́; ẹjọ́ kì í ṣe ìjà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnu wa sọ pé ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kóńgò kì í ṣe ọmọ Kóńgò nítorí pé Faransé tàbí Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n bí i sí. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ sí wọn lónìí, Lookman àti Bassey ni yóò gbọ́ ọ lọ́la, ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbá pẹ́náritì síta.

Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn jù, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo ní. Ẹ̀yin òbí, ẹ forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ ní kété tí ẹ bá ti bí i. Òfin fi ọjọ́ 60 sí i. Ẹ gba ìwé ìbí rẹ̀ lọ́wọ́ àjọ tí ń ka ènìyàn, ẹ má fi sínú àpò ìrẹsì. Ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ yín. Bí ìwé bàbá àgbà tàbí ti ìyá àgbà bá wà, ẹ tọ́jú òun náà. Ọjọ́ tí a ó wá a kì í dá.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa pe ọmọ kankan ní "ará Kùtọnù" ní kíláàsì bí ẹni bú u. Ẹ ka abala 25 yẹn fún wọn. Ọmọ tó bá mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní kíláàsì kò ní dákẹ́ ní iwájú onígègé.

Ẹ̀yin aláṣẹ eré, ẹ san owó ọmọ fún ọmọ, ẹ tọ́jú ìwé tí ó yẹ kí ẹ tọ́jú, kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ ọmọ kí ẹ tó bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò wá bí wọ́n bá rí i pé a ń tọ́jú àwọn tó wà ní etí ọ̀sà.

Bàbá onírin àti ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ìdájọ́ mi nìyẹn. Ẹni tó bá ní èsì kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kí a tó tún pàdé. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa lé ọmọ wa lọ.